Iyọ̀, kálísíọ̀mù àti ọkàn tí agbára rẹ̀ ti dín: bí ẹ ṣe lè tọ́jú aláìsàn yín nílé

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ máa ń kúrò ní ọsibítù pẹ̀lú ìwé oògùn gígùn àti òfin tó pọ̀: ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa wọn ara yín láràárọ̀, ẹ ka ìlù ọkàn kí ẹ tó lo èyí, ẹ má fi àgbo lé e. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ilé ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìdajì òfin náà ti di ohun tí ọmọ àti ìyàwó ń jiyàn lé lórí. A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ń se oúnjẹ, tó sì ń ka oògùn fún bàbá tàbí ìyá tí dókítà kọ « insuffisance cardiaque » (ọkàn tí agbára rẹ̀ ti dín) sí ìwé rẹ̀. Òfin tí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀ ni ẹ ó lè pa mọ́ ní ọjọ́ tí kò sí nọ́ọ̀sì nítòsí. Ìdí púpọ̀ nínú àwọn òfin wọ̀nyí wà nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di iṣan náà, níbi tí sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù ti ń wọlé, tí wọ́n sì ń jáde, ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì

Sódíọ̀mù wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Kálísíọ̀mù ni èyí tó ń mú egungun le. Nínú ẹ̀jẹ̀, sódíọ̀mù tó nǹkan bí 140 mmol (ìwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò ń lò) nínú lítà kan. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó dá ṣáká, kì í sábà ju 10 lọ. Ìyàtọ̀ ti kálísíọ̀mù tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀: nígbà tí ọkàn bá ń sinmi láàárín ìlù kan sí èkejì, kálísíọ̀mù tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì fi bí ìlọ́po 10,000 ju ti inú lọ.

Bí ìlù kan bá bẹ̀rẹ̀, ihò sódíọ̀mù á ṣí, kíá ni á sì pa dé. Ihò kálísíọ̀mù á tẹ̀ lé e. Kálísíọ̀mù díẹ̀ tó wọlé yìí ló ń mú kí àpò ìpamọ́ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tú kálísíọ̀mù tirẹ̀, tó pọ̀ jù ú lọ, sílẹ̀. Kálísíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì á lọ sókè bí ìlọ́po 10, iṣan á sún kì, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá kí iṣan tó lè dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn sì kún inú ọkàn. Pọ́ǹpù kan tí wọ́n ń pè ní SERCA ń dá nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 padà sínú àpò. Púpọ̀ nínú èyí tó kù ń gba ọ̀nà pàṣípààrọ̀ jáde: sódíọ̀mù 3 wọlé, kálísíọ̀mù 1 jáde. Sódíọ̀mù tó wọlé yẹn, pọ́ǹpù mìíràn ló ń lé e: ó ń ti sódíọ̀mù 3 síta, ó ń gba pòtásíọ̀mù 2 (èròjà mìíràn tó jọ sódíọ̀mù) wọlé, ó sì ń ná agbára lé e lórí. Jens Skou, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló fi iṣẹ́ pọ́ǹpù yìí hàn ní 1957, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1997 nítorí rẹ̀. Ẹ fi pọ́ǹpù yìí sọ́kàn, torí òun ni digoxine, oògùn ọkàn kan tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, ń lọ bá.

Nínú ọkàn tó ti rẹ̀, ìbàjẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan. SERCA dín kù, nítorí náà àpò kì í kún tó, ìlù tó kàn á sì rọ̀. Àpò yẹn tún ń jò nígbà tó yẹ kó wà ní pípadé. Ihò sódíọ̀mù kan ń pẹ́ kó tó pa dé, pọ́ǹpù tó yẹ kó lé sódíọ̀mù náà síta kò sì lè bá a mu mọ́, bí ẹni tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ojú ọ̀sà tí ihò rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Bí sódíọ̀mù bá ti pọ̀ nínú, kì í fẹ́ wọlé mọ́. Bí kò bá sì wọlé, kálísíọ̀mù kò rí ọ̀nà jáde. Iṣan ọkàn á wà ní líle nígbà tó yẹ kó dẹ̀. Kálísíọ̀mù tó ń jò lè dá ìlù òjijì sílẹ̀, èyí tó ń mú ọkàn sá sókè sódò, tó sì lè pa ènìyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣì í mú: iyọ̀ ọbẹ̀ kì í lọ tààrà láti kún inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn. Ara ń ṣọ́ sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ kí ó má kúrò láàárín 135 sí 145 mmol nínú lítà kan. Ohun tí iyọ̀ púpọ̀ ń ṣe ni pé ó ń dá omi dúró sára. Omi yẹn ló ń wú ẹsẹ̀, tó ń kún ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń di ẹrù fún ọkàn tí kò lè gbé èyí tó wà nílẹ̀. Sódíọ̀mù tó ń pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ìṣòro ọ̀tọ̀; oògùn ló ń bá a jà.

Ti kálísíọ̀mù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má gba mílíìkì, wàrà Fúlàní tàbí ẹja kékeré tó ní egungun lọ́wọ́ aláìsàn nítorí pé ẹ gbọ́ pé kálísíọ̀mù ń há nínú ọkàn. Ara ló ń ṣètò kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀, bí ó bá sì lọ sílẹ̀ jù, ọkàn á tún rọ̀ sí i ni. Láti 1883 ni Sydney Ringer ti fi hàn ní London pé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ kì í lù bó ṣe yẹ bí kò bá sí kálísíọ̀mù nínú omi tí wọ́n fi í sí. Hóró oògùn kálísíọ̀mù nìkan ni kí ẹ má rà láìsọ fún dókítà, pàápàá fún ẹni tó ń lo digoxine.

Iyọ̀ nínú ìkòkò

Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ní kí àgbàlagbà jẹ iyọ̀ tí kò tó 5 g lójúmọ́, èyí tí 2 g sódíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ṣíbí tíì kan tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ jẹ́ 5 sí 6 g. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè kó gbogbo rẹ̀ sínú ọbẹ̀, torí búrẹ́dì, kúùbù (bíi Maggi) àti ẹja gbígbẹ ti mú tiwọn níbẹ̀. Búrẹ́dì 100 g nìkan sábà máa ń ní ju 1 g iyọ̀ lọ.

Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ nìyí. Láràárọ̀, ẹ wọn ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ìgò kékeré kan tó jẹ́ ti aláìsàn nìkan. Ẹ se ọbẹ̀ ilé láìfi iyọ̀ sí i, ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí àwọn tó kù tó fi iyọ̀ sí tiwọn. Ẹ wọ́n iyọ̀ inú ìgò lé oúnjẹ rẹ̀ lórí nígbà tó bá fẹ́ jẹun, torí ahọ́n máa ń tètè mọ iyọ̀ tó wà lókè ju èyí tó ti jinná mọ́ ọbẹ̀ lọ. Bí ìgò bá tán, ó tán di ọjọ́ kejì.

Kúùbù ni ẹ ó kọ́kọ́ mójú tó. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni iyọ̀, nítorí náà kúùbù 10 g kan lè gbé iyọ̀ ọjọ́ kan tán. Ẹni tó ní òun kò fi iyọ̀ sí àmìwò, àmọ́ tó ju kúùbù mẹ́ta sí i, ti fi iyọ̀ sí i dáadáa. Lanhouin, ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń tà ní ọjà Ouando àti Adjarra, iyọ̀ ni wọ́n fi pa á mọ́. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ mọ́jú tí ẹ da omi rẹ̀ nù, iyọ̀ á dín, kò ní tán. Ẹja tútù, tàbí ẹja yíyan tí wọn kò rẹ sínú iyọ̀, ló dára. Fún adùn, alùbọ́sà, áyù, atalẹ̀, ata àti ewé efinrin kò ní iyọ̀ kankan tó tó nǹkan. Irú náà dára, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n fi iyọ̀ sí i.

Kánún ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Nítorí pé kì í dùn bí iyọ̀, àwọn ìyá kì í kà á mọ́ iyọ̀, bẹ́ẹ̀ sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ má fi í se ẹ̀wà tàbí ilá fún aláìsàn ọkàn, ẹ má sì pò ó mọ́ kókó abiyamọ tí ara rẹ̀ ń wú. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní Zaria, lápá àríwá Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn abiyamọ tuntun tí wọ́n ń mu kókó tí kánún pọ̀ nínú rẹ̀, tí ọkàn wọn sì ń rẹ̀. Wọ́n ṣì ń jiyàn bóyá kánún ló fa àìsàn náà. Pé sódíọ̀mù inú rẹ̀ ń dá omi dúró, kò sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn.

Iyọ̀ mìíràn wà tí kò gba inú ìkòkò wọlé rárá: paracétamol tó ń hó nínú omi. Hóró 500 mg kan lè ní nǹkan bí 400 mg sódíọ̀mù. Ẹni tó lo mẹ́rin lójúmọ́ nítorí orí fífọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo sódíọ̀mù ọjọ́ náà kó tó jẹ oúnjẹ. Hóró lásán tí a ń gbé mì ni kí ẹ rà. Ní ti ibuprofène àti diclofénac, ẹ má fún un rárá; wọ́n ń mú kí kíndìnrín dá iyọ̀ àti omi dúró, ó sì wọ́pọ̀ kí èyí ni yóò dá aláìsàn padà sí ọsibítù.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ oúnjẹ di ìyà. Ìwádìí SODIUM-HF, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022, gbìyànjú láti mú sódíọ̀mù wá sísàlẹ̀ 1.5 g lójúmọ́. Kò dín ikú tàbí ìgbàwọlé ọsibítù kù lọ́nà tó ṣe gbòógì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara àwọn tó ṣe é fúyẹ́ díẹ̀ sí i. Arúgbó tó kọ oúnjẹ nítorí pé kò ní adùn á rù, iṣan rẹ̀ á sì tán. Èrò wa ni pé kí ẹ dúró sí ìwọ̀n 5 g tọkàntọkàn, kí ẹ má sì máa lé òdo.

Wíwọn ara

Ẹ gbé òṣùwọ̀n sórí sìmẹ́ńtì, kì í ṣe orí ẹní. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, ṣáájú oúnjẹ, pẹ̀lú aṣọ fúyẹ́ kan náà, kí aláìsàn gùn ún, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú déètì. Lítà omi kan ni kílò kan. Bí ìwọ̀n bá fi ju 2 kg lọ lé sókè láàárín ọjọ́ 3, kì í ṣe pé ó sanra, omi ni. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ìgbà tí èémí á fi ṣòro. Ọ̀nà kejì: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iwájú ojúgun fún ìṣẹ́jú àáyá 5, bí ojú ibẹ̀ bá wọlé tí kò tètè padà, omi wà níbẹ̀. Ẹ máa ka ìrọ̀rí tó fi ń sùn pẹ̀lú. Ẹni tó ń lo ìrọ̀rí kan tẹ́lẹ̀ tó wá di mẹ́ta, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń kún.

Bí ìwọ̀n bá sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde, oògùn ìtọ̀ ti pọ̀ jù. Ìyẹn náà gba ìpè.

Bí dókítà bá ní kí omi má ju lítà 1.5 sí 2 lọ, omi ọ̀rá 50 cl mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Tíì, ẹ̀kọ mímu àti omi ọbẹ̀ wà nínú ìṣirò náà.

Oògùn kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ń lọ

Furosémide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lasilix, ń lé iyọ̀ àti omi gba inú ìtọ̀. Ó ń mú ara fúyẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n kò tún ohunkóhun ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì. Àárọ̀ ni kí ẹ fún un kí ìtọ̀ má bàa gba oorun lójú rẹ̀. Ó ń kó pòtásíọ̀mù lọ pẹ̀lú.

Bisoprolol tàbí carvédilol ń dá ariwo adirẹnalíìnì (èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìpayà) dúró lórí ọkàn. Adirẹnalíìnì ló ń fi ipá ti kálísíọ̀mù wọlé, tó sì ń mú kí àpò jò. Bí ó bá dẹwọ́, sẹ́ẹ̀lì á rí ààyè sinmi. Láti ìwọ̀n kékeré ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì láàárín. Ó lè rẹ aláìsàn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá a dúró lójijì.

Captopril tàbí énalapril ń dẹ òpó ẹ̀jẹ̀ kí ẹrù ọkàn lè fúyẹ́. Ikọ́ gbígbẹ wọ́pọ̀ níbẹ̀, kò sì léwu, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, ẹ má fún un ní hóró kankan mọ́, ẹ gba ọsibítù lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Spironolactone ń dá pòtásíọ̀mù dúró, captopril náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ ra iyọ̀ tí wọ́n ní kò ní sódíọ̀mù: pòtásíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró fún ẹni tó ń lo oògùn méjèèjì yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ pòtásíọ̀mù àti kíndìnrín wò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ spironolactone, àti lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù kan.

Dapagliflozine jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ. Ní 2019 ni ìwádìí fi hàn pé ó ń ṣe ọkàn tó rẹ̀ láǹfààní, kódà fún ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. Bí aláìsàn bá ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, kó dá a dúró títí á fi máa jẹun padà.

Amlodipine, tí ọ̀pọ̀ ń lo fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ń dí ihò kálísíọ̀mù lára òpó ẹ̀jẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ọkàn. Ó lè wú ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ wo ìwé ìwọ̀n kí ẹ tó sọ pé àìsàn ti padà. Vérapamil àti diltiazem yàtọ̀: ihò kálísíọ̀mù ọkàn gan-an ni wọ́n ń dí, èyí tó ń sọ ìlù tó ti rọ̀ di aláìlágbára sí i. Bí ẹ bá rí wọn nínú oògùn àtijọ́ bàbá, ẹ gbé e lọ fi han dókítà.

Digoxine, oògùn tí kò gba àṣìṣe

Digoxine ń dá pọ́ǹpù tó ń lé sódíọ̀mù dúró díẹ̀. Sódíọ̀mù á pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì, kálísíọ̀mù kò ní rọrùn láti jáde, àpò á kún sí i, ìlù á sì lágbára. Ẹ rí i pé ojú ọ̀nà kan náà tí àìsàn ń gbà ba ọkàn jẹ́ ni oògùn yìí ń gbà ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ààlà àárín ìwọ̀n tó wúlò àti ìwọ̀n tó lóró fi tóóró: nínú ẹ̀jẹ̀, 0.5 sí 0.9 ng nínú mL ni wọ́n ń fẹ́ fún ọkàn tó rẹ̀.

Lórí páálí, ó lè jẹ́ 0,125 mg tàbí 0,25 mg. Ẹ kà á nígbàkigbà tí ẹ bá ra tuntun, torí ìkejì jẹ́ ìlọ́po méjì èkíní. Kí ẹ tó fún un, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ ka ìlù fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kì í ṣe àáyá 15 kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, torí ìlù tí kò dọ́gba á tàn yín. Bí kò bá tó 60, ẹ má fún un, ẹ pe dókítà. Bí ẹ bá gbàgbé ti àná, ẹ má fi méjì dípò lónìí.

Pòtásíọ̀mù àti digoxine jọ ń du ibi kan náà lára pọ́ǹpù yẹn. Bí furosémide tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ti kó pòtásíọ̀mù lọ, digoxine á rí ààyè lẹ̀ mọ́ ọn jù, oró á sì dé pẹ̀lú ìwọ̀n tí ẹ ti ń lo láti oṣù mélòó kan láìsí wàhálà. Àmì rẹ̀: oúnjẹ kì í wù ú mọ́, ó ń bì, ó ń rí nǹkan ní pupa rúsúrúsú tàbí ní àwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ìlù ọkàn ń lọ́ra tàbí ó ń fò. Ọ̀pọ̀ ilé máa ń ka èyí sí ibà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ fún un ní quinine, érythromycine tàbí clarithromycine mọ̀ pé ó ń lo digoxine, torí wọ́n ń mú kí ó pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Fámásì ni kí ẹ ti rà á. Èyí tí wọ́n kó sínú abọ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà, kò sí ẹni tó lè sọ iye tó wà nínú hóró rẹ̀.

Àwọn ewéko ilẹ̀ wa kan ní oró tó ń ṣe iṣẹ́ digoxine gẹ́lẹ́: olómi-òjò olódòdó pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń gbìn sí ọgbà, bomubomu, àti Strophanthus, ìtàkùn tí àwọn ọdẹ ìgbà àtijọ́ ń fi ṣe oró ọfà. Agbára wà nínú wọn nítòótọ́, ìyẹn gan-an ni ewu rẹ̀, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè wọn ìwọ̀n rẹ̀ nínú àgbo. Bí bàbá bá ń mu àgbo kan tẹ́lẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ mú ewé náà lọ́wọ́ lọ fi han dókítà, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ààwẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru, àti ọjọ́ tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró

Fún ìdílé Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ Ramadan gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, torí wákàtí oògùn á yí padà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù, tàbí tí èémí rẹ̀ ń ṣòro lórí ìjókòó, kò yẹ kó gbààwẹ̀. Nígbà ooru líle ní Ṣábẹ̀ẹ́, tàbí bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ kan náà nípa furosémide, spironolactone àti captopril. Bí ara bá gbẹ, kíndìnrín á kọ́kọ́ jìyà, digoxine á sì kó jọ.

Ẹ gbéra lọ sí ọsibítù láìdúró bí kò bá lè sùn sílẹ̀ nítorí èémí, bí ó bá ń húkọ́ fọ́fọ́ọ̀ tó pọ́n díẹ̀, bí ó bá dákú, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú. Ẹ má gbé e sórí zémidjan (ọ̀kadà); mọ́tò ni kí ẹ wá, kó jókòó gbọọrọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, kí fèrèsé ṣí. Ẹni tó ń bọ̀ láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ kò gbọ́dọ̀ wá máa wá ìwé kiri ní àkókò yẹn, nítorí náà ẹ ti kó páálí gbogbo oògùn, ìwé ìwọ̀n àti èsì àyẹ̀wò pòtásíọ̀mù tó kẹ́yìn sínú báàgì kan ṣáájú, kí ẹ sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.